Ọmọ-Ogun Etí Pápá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ máa ń parọ́ fún mi.
Òjò Halifax ń rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí a gbọ́ òun,
ó ń wẹ òkúta ilé tí èéfín ayé àtijọ́ ti kùn ní dúdú.
Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì,
tábìlì mẹ́fà, aago mẹ́fà,
ẹ̀rọ amúlégbóná kan tó ń húkọ́ bí arúgbó.
Tábìlì karùn-ún ni tèmi.
Ọ̀gbẹ́ni Ackroyd ará Todmorden ti jókòó,
ó to pẹ́ńsùlù méjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ jẹun.
Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.
Ó tẹ aago.

Mi ò ti ọmọ-ogun ọba. Mi ò ti ti ayaba.
Níbi tí gbogbo ayé ti ń sáré lọ gba àárín pápá,
èmi wo apá òsì, mo mú ìkejì láti etí,
mo sún un ní ìṣísẹ̀ kan péré,
bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kí ológbò lè jáde.

Ackroyd gbójú sókè. Ó wò mí. Ó tún wo pátákó.
Mo mọ ohun tó ń rò.
Ó fi ọmọ-ogun méjì gba àárín,
wọ́n dúró gbọn-in bí onílẹ̀.
Mo gbé bíṣọ́ọ̀bù mi sí kọ̀rọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí,
arúgbó ẹnu ọ̀nà tí kò sọ̀rọ̀,
tí kò sì sí ohun tó kọjá tí kò rí.

Bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rí.
Ìdérí ìgò la fi ń ta á ní Ìkìrun,
ti bíà fún un, ti míníráà fún mi.
"Ìbídàpọ̀, ẹni tó fẹ́ jogún ilé kì í dúró lẹ́yìn ọgbà."
Èmi a ní, "Bàbá, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Ẹ jẹ́ kí n dúró kó lanu."
Á rẹ́rìn-ín, á pa ọba mi, á ní kí n lọ pọnmi.

Ní ìṣísẹ̀ kọkàndínlógún, ògiri lanu.
Ackroyd ti ọmọ-ogun àárín síwájú, ó fẹ́ fi halẹ̀ mọ́ ẹṣin mi,
ọ̀nà gígùn láti igun dé igun sì mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.
Arúgbó ẹnu ọ̀nà dìde.
Ó jẹ ọ̀kan. Ó jẹ èkejì.
Ackroyd tú ìborùn rẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n bí ata,
tíì rẹ̀ di omi tútù.

Àmọ́ aago mẹ́sàn-án ti kọjá,
bọ́ọ̀sì mi ń bọ̀, ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì ń dúró dè mí ní aago mẹ́wàá,
búrẹ́dì kò sì mọ̀ pé mo ń borí.
Mo na ọwọ́ sí ayaba; ìka mi kan ọba.
Ohun tí ọwọ́ bá kàn, ọwọ́ náà ni yóò gbé e.
Ackroyd kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dúró.
Mo gbé ọba mi jáde sínú òtútù.

Ayaba rẹ̀ ń lé e kiri: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì,
kò lè pa á, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀.
"Ọ̀mì," ni mo wí, ní èdè tèmi, kí n tó rántí ibi tí mo wà.
Ackroyd na ọwọ́ sí mi.
Ọwọ́ rẹ̀ ti gbóná.

Mo fọ aṣọ iṣẹ́ mi lọ́jọ́bọ̀, mo gbàgbé ìwé eré nínú àpò.
Omi ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó ku ìlà àkọ́kọ́,
ó ku ọmọ-ogun etí pẹ̀lú ìyẹ̀fun díẹ̀.

Bàbá pè lọ́jọ́ Ẹtì. "Ṣé o borí?"
Mo ní ọ̀mì ni.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ igbe adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀.
"O tún ti etí bẹ̀rẹ̀, àbí?"